Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́: kí kónílé-ó-gbélé mìíràn tó dé

Sí ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, Oríire, Surulérè àti Ògo-Olúwa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ̀yin àgbà wa. Ẹ kú làálàá, ẹ kú àìsinmi.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá dá lórí àsìkò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti fẹ́ gbàgbé: oṣù kẹta ọdún 2020 títí wọ àárín ọdún náà, nígbà tí àrùn Kòrónà sé ayé mọ́lé. A fẹ́ kí ẹ rántí rẹ̀ dáadáa, torí pé àrùn mìíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ kan. Èyí tí àwọn bàbá wa pè ní lúkúlúkú, ìyẹn ọ̀fìnkìn tó jà kárí ayé, gba Èkó wọlé ní ọdún 1918. Ẹ̀bólà dé ní 2014. Kòrónà yọjú ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020, kò sì pé oṣù kan àbọ̀ tí ilé ẹ̀kọ́, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹnubodè fi di títì. Àṣẹ ìséde ìgbà náà sọ ohun tí èèyàn kò gbọdọ̀ ṣe. Kò sọ bí ẹni tí wọ́n ní kó jókòó sílé yóò ṣe jẹun, tí yóò ṣe rí omi pọn, tí yóò ṣe rí owó àjọ rẹ̀ gbà. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan jókòó nísinsìnyí tí ara le, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé, bí a bá ti nǹkan báyìí, ọ̀nà báyìí ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbà máa lọ.

Tiwa kò rí bíi ti Èkó. Èkó, Ògùn àti Àbújá ni ìjọba àpapọ̀ tì pa láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìséde alẹ́ ló kọ́kọ́ dé, láti aago 7 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ títì, ìpéjọpọ̀ tí a fòfin dè, àti ẹnubodè ìpínlẹ̀ tí a dí. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè á ní ó fúyẹ́. Ẹni tó mọ bí ìlú wa ṣe ń jẹun mọ̀ pé kò fúyẹ́ rárá.

Ẹ wo aago 7 yẹn ná. Alẹ́ ni olówó-oṣù àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń ná ọjà. Aago 5 ni wọ́n ń tibi iṣẹ́ dé, wọn á yà ra ata, ẹja àti èlùbọ́ tí wọn yóò rò lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí owó tí ọ̀pọ̀ nínú wọn rí lóòjọ́ ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ òòjọ́. Àwọn tó ń din àkàrà àti dùńdú lẹ́bàá títì ní Tákíé àti Sábó, láàárín aago 6 sí aago 9 alẹ́ ni ọjà wọn ń yá. Nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì wọlé ní ìparí oṣù kẹrin, oòrùn ń wọ̀ nílẹ̀ wa ní nǹkan bí aago 7 ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ìséde bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 7, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló wà láàárín ìṣínu àti àkókò tí ọlọ́pàá lè dá èèyàn dúró. Ta ni yóò ta oúnjẹ ìṣínu, ta ni yóò sì rà á?

Ti àárọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlẹ́kọ gbọ́dọ̀ dáná ní aago 4 ìdájí kí ẹ̀kọ rẹ̀ tó délé àwọn tó ń lọ síṣẹ́. Ọ̀sán àti òru ni ilé búrẹ́dì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń po ìyẹ̀fun lálẹ́, wọ́n ń ti búrẹ́dì bọ ààrò lóru. Àgbàdo ọ̀gì, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ń lò nínú omi. Bí ọjọ́ tó yẹ kó dé ibi ẹ̀rọ ìlọta bá bọ́ sí àkókò tí ẹlẹ́rọ ti lọ sílé, kíkan rẹ̀ yóò kọjá ààlà, yóò máa rùn, ẹni tó rẹ kóńgò mẹ́wàá yóò sì dà á nù. Nítorí náà, bí ẹ bá ní láti kéde ìséde, ẹ jẹ́ kó wà láàárín aago 9 alẹ́ sí aago 4 ìdájí. Bí ìpínlẹ̀ bá ti kéde wákàtí tirẹ̀, ẹ gba àyè lọ́dọ̀ wọn fún ẹlẹ́rọ ìlọta, ilé búrẹ́dì, ẹlẹ́kọ, àgbẹ̀ àti ẹni tó ń gbé aláboyún lọ sílé ìwòsàn. Káàdì aláwọ̀ kan tó ní fọ́tò àti òǹtẹ̀ wọ́ọ̀dù ti tó. Ìwé lásán tí kò ní fọ́tò, ọwọ́ mẹ́wàá ni yóò gbà kọjá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọlọ́pàá kò sì ní ka èyíkéyìí sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnubodè. Ìrìn Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ìrìn Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn. Ìlọrin ni ọ̀pọ̀ aláròóbọ̀ wa ti ń ra ata, tòmátì àti àlùbọ́sà tó ń ti òkè Ọya wá, ibẹ̀ ni àwọn aláìsàn kan ti ń gba ìtọ́jú, ibẹ̀ ni àwọn ẹlòmíì ń sùn tí wọ́n ń ti ibẹ̀ wá ṣiṣẹ́ níbí. Lójú òfin, ìpínlẹ̀ mìíràn ni. Àṣẹ náà ní kí ọkọ̀ oúnjẹ máa kọjá, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ oúnjẹ kì í ra ọjà fúnra rẹ̀. Obìnrin tó fẹ́ lọ ra àpò ata márùn-ún ń wọ ọkọ̀ èrò lọ ni, yóò wá bá ẹrù rẹ̀ bọ̀. Ẹrù lè kọjá, òun kò lè kọjá. Ìdí rèé tí àwọn tó ní owó láti háyà ọkọ̀ odidi fi nìkan ní ọjà lọ́wọ́, tí iye ata fi ń fò sókè. Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro: kí àwọn aláròóbọ̀ mẹ́fà mẹ́fà tó ń ra irú ọjà kan náà da owó wọn pọ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo bá ọkọ̀ lọ, kí Ìyálọ́jà àti ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí orúkọ ẹni náà àti nọ́ńbà ọkọ̀ náà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kí ìjọba ìbílẹ̀ wa àti tọ̀hún ní Kwara ti jọ fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí àrùn tó dé. Lọ́jọ́ tí àrùn bá dé, kò ní sí ẹni tó máa gbé fóònù.

Nínú ọjà fúnra rẹ̀, àṣìṣe kan wà tí a ń bẹ̀ yín kí ẹ má tún un ṣe. Ìgbà gbogbo tí ìjọba bá fẹ́ dín èrò kù, wákàtí ọjà ni wọ́n ń gé. Ọjà tí ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ń ná láàárín wákàtí mẹ́wàá, bí ẹ bá sọ ọ́ di wákàtí mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún méjì náà ni yóò ṣì wá, torí pé ebi kò dín kù. Igba èèyàn ní wákàtí kan yóò di ọgọ́rùn-ún márùn-ún. Ẹ ti kó wọn jọ nìyẹn, ẹ kò fọ́n wọn ká. Ohun tó ń fọ́n èrò ká ni kí ọjà pẹ́ ní ṣíṣí, kí àyè rẹ̀ sì fẹ̀. Àkókò tí ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì ni pápá wọn ṣófo: ẹ kó aláta, ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti ẹlẹ́ja kúrò ní Jagun, Wazo àti Arada lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó lo ilé ẹ̀kọ́ fún ọjà oúnjẹ ní 2020. Ẹ fi eérú tàbí ẹfun fa ìlà sílẹ̀ ní mítà méjì méjì, kí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ọlọ́jà kan. Kí ọ̀nà àbáwọlé yàtọ̀ sí ọ̀nà àbájáde. Kí àwọn tó ń tajà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lójú ọ̀nà, nítorí bí wọ́n bá kọjú sí ara wọn, àwọn oníbàárà yóò máa fi ẹ̀yìn kan ẹ̀yìn láàárín.

Ẹ má sì pín ọjọ́ ọjà nípa nọ́ńbà ìsọ̀. Bí nọ́ńbà ẹlẹ́fọ̀ọ́ bá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi, ẹ̀fọ́ tó já lánàá yóò ti rọ, gbèsè ni yóò sì gbé délé. Irú ọjà ni kí ẹ fi pín in. Ohun tó ń bàjẹ́, lójoojúmọ́. Ohun tó lè dúró, bí èlùbọ́, gàrí, ẹ̀wà àti epo, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Aṣọ, bàtà àti abọ́, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn alábàárù ńkọ́? Wọ́n ń gbé ẹrù ogójì èèyàn lóòjọ́, wọ́n ń mí sí gbogbo wọn lọ́rùn, ẹnikẹ́ni kì í sì í rántí fún wọn ní ìbòmú. Àwọn ni kó kọ́kọ́ gbà á.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí kajú àti máńgòrò, torí pé àwọn ló jìyà jù nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ wọn kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni àkókò kajú. Íńdíà àti Vietnam ni wọ́n ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú kóró kajú ilẹ̀ Áfíríkà lọ láti pa á. Íńdíà ti ara rẹ̀ pa ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 2020, àwọn tó ń rà á fún wọn sì fà sẹ́yìn. Àgbẹ̀ tó wà ní Oríire àti Surulérè kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà. Ohun tó rí ni pé ẹni tó ń wá ra kajú lọ́dọọdún kò dé, tàbí tó dé pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ tà á ní tútù nítorí ìbẹ̀rù.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, torí pé kóró kajú tó bá gbẹ dáadáa lè dúró ju oṣù mẹ́fà lọ. Èyí ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èso tó bá já sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n ṣà, kí wọ́n má fi igi lù ú. Kí wọ́n yí kóró kúrò lára èso lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹran èso má kù mọ́ ọn lára, nítorí ibẹ̀ ni èbu ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n sá a sórí sìmẹ́ńtì tàbí tapólì fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n máa rò ó, kí wọ́n sì bò ó lálẹ́. Bí ó bá ti gbẹ, ìró rẹ̀ á máa dún ṣágá-ṣágá bí a bá mì í, èékánná kò sì ní lè wọ èèpo rẹ̀. Inú àpò tí wọ́n fi ń di kòkó ni kí wọ́n kó o sí, èyí tí atẹ́gùn ń gba ara rẹ̀ kọjá. Ọ̀rá yóò mú kó làágùn, yóò sì dúdú nínú. Kí àpò má kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Pákó ni kí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó gbìyànjú láti yan kajú sílé nígbà náà tún kọ́gbọ́n kíkorò: epo inú èèpo kajú ń jó ara bó bá kàn án, èéfín rẹ̀ sì ń ta ojú àti ọ̀nà ọ̀fun. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń yan án, wọ́n ń fi eérú pa kóró náà kí ọwọ́ tó kàn án. Iṣẹ́ tiyín níbẹ̀ ni ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ wá gbọ̀ngàn kan tí òjò kì í jò, ẹ wọn àpò àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan níwájú rẹ̀, ẹ fún un ní ìwé tí ó kọ iye kílò sí, kí ó lè dúró de iye tó dára.

Máńgòrò kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti pọ́n, ó pọ̀ jù, ọ̀sẹ̀ kan ló kù fún un. Ọ̀nà kan tí kò gba iná mànàmáná ni kí a gé e kí a sá a. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n tó ṣì le lọ́wọ́ ni kí a mú. Èyí tó rọ̀ yóò di ẹrẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ, kí ó má nípọn ju mìlímítà mẹ́fà lọ, lórí àkéte tí a gbé sókè, kí a sì fi àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta oòrùn gidi ló nílò, kílò mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ni yóò di kílò kan. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni òjò oṣù kẹrin àti karùn-ún: bí ó bá tutù lálẹ́ àkọ́kọ́ tí a kò gbé e wọlé, èbu ti mú un nìyẹn. LAUTECH, yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, wà láàárín ìlú wa, ó sì ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Àpótí ìgbẹ́-nǹkan olóòrùn, onípákó àti ọ̀rá funfun, mẹ́wàá ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ohun tí apá ìjọba ìbílẹ̀ kò ká.

Iṣu náà ní tirẹ̀. Lásìkò yẹn, iṣu àtijọ́ ti ń hù. Àwọn ilé tó gbọ́n sọ ọ́ di èlùbọ́: wọ́n bó o, wọ́n gé e, wọ́n bọ̀ ọ́ sínú omi tó gbóná débi tí ọwọ́ kò fi lè pẹ́ nínú rẹ̀, láìjẹ́ kó hó, wọ́n fi sílẹ̀ nínú omi náà di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó sá a. Bí omi bá hó, iṣu á jinná, èlùbọ́ rẹ̀ kò sì ní fà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àjọ. Ìjọba kò kà á sí nǹkan kan nínú gbogbo àṣẹ 2020, bẹ́ẹ̀ òun ni báńkì àwọn tí kò lọ sí báńkì. Ẹ mọ bó ṣe ń lọ: káàdì kan, àpótí 31. Ẹni tó ń dá igba náírà lójúmọ́ yóò dá 6,200 ní oṣù ọlọ́jọ́ 31, alájọ yóò mú igba kan, yóò fún un ní 6,000. Ẹsẹ̀ alájọ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Nígbà tí alájọ kò lè rìn, owó kò wọlé mọ́. Nígbà tí ọjà kò yá, gbogbo èèyàn ní kó dá tàwọn padà lọ́sẹ̀ kan náà. Alájọ olóòótọ́ pàápàá kò lè san án lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ó ti yá àwọn kan nínú owó náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ìjà ńlá ti ibẹ̀ wá, ọ̀rẹ́ ogún ọdún sì tú ká.

Ẹ ka alájọ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kòṣeémánìí. Kí ó ní ibùdó kan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì lóòjọ́, lábẹ́ igi tàbí ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, kí oníbàárà gbé káàdì àti owó rẹ̀ sórí tábìlì, kí ó sún sẹ́yìn kí alájọ tó mú un. Kí ìwé jẹ́ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ alájọ, ọ̀kan lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́ ọjà. Fún àsìkò ìṣòro, kí wọ́n ti fẹnu kò ṣáájú pé ìdajì ni a óò san ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdajì tó kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, aláìsàn àti ẹni tó bímọ ni yóò sì ṣáájú. Àdéhùn tí a ṣe ṣáájú kì í dá ìjà sílẹ̀ bí èyí tí a ń ṣe nígbà tí ojú ti pọ́n. Àwọn tó ń fi fóònù ránṣẹ́ owó ní tiwọn rí ojútùú díẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí oní-POS ń yọ lórí igba náírà kò jẹ́ kí ó wúlò fún ẹni tó ń dá kékeré. Ọ̀sẹ̀ ni kí irú wọn máa fi ránṣẹ́, kó má jẹ́ ojúmọ́.

Ìjọba ní ká máa fọ ọwọ́. Pẹ̀lú omi wo? Ìparí ẹ̀rùn ni oṣù kẹta, kànga ti wálẹ̀, omi ẹ̀rọ tó yẹ kó máa ti odò Ọbà wá kì í sì í dé ọ̀pọ̀ ilé. Agbo ilé ẹlẹ́ni mẹ́jọ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́, tó ń da lítà kan lẹ́ẹ̀kan, yóò lo lítà 48, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì ńlá méjì lé lórí èyí tí wọ́n ń pọn tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin ilé ni yóò rù ú. Kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ ń gé omi yẹn sí ìdajì tàbí kó dín sí i. Ẹ ri òpó méjì tí orí wọn là sí méjì mọ́lẹ̀, ẹ fi igi dábùú, kí ẹ gba igi náà gba ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nísàlẹ̀ ọrùn. Ẹ so okùn láti ọrùn kẹ́ẹ̀gì mọ́ igi kan tó wà nílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ igi náà, kẹ́ẹ̀gì á tẹ̀, omi á jáde, ọwọ́ kò sì ní kan nǹkan kan. Bí ihò bá tóbi, omi á tán kíákíá. Bí kò bá sí òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ àti ẹ̀fọn ni yóò gba ibẹ̀. Wọ́n ń jí ọṣẹ tó bá wà lórí irú nǹkan yìí, nítorí náà ẹ po ọṣẹ ìyẹ̀fun gíráàmù 30 mọ́ omi lítà kan àbọ̀, ẹ dà á sínú ìgò, ẹ lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ẹ so ó kọ́. Ogún ìṣẹ́jú àáyá ni kí ọwọ́ fi kun ara wọn.

Fún tábìlì àti ìsọ̀, Hypo tó jẹ́ 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ife kan sínú ife omi 34, kí wọ́n po ó lójoojúmọ́ torí pé oòrùn ń pa agbára rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má pò ó pọ̀ mọ́ oògùn ìfọ-ilé-ìgbẹ́ kankan, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára. Ògógóró kò lè pa kòkòrò náà lọ́wọ́: nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọtí inú rẹ̀, ó kéré tán 60 ni a nílò. Ìbòmú aláṣọ, kí ó ní ìpele mẹ́ta, kí àwọn aránṣọ sì rán an bo imú dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Ní 2020, àwọn èèyàn ń yá ìbòmú ara wọn lò lẹ́nu ọ̀nà báńkì kí aṣọ́nà lè jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ó sàn kí ẹni náà má ní rárá.

Ní ti ìlera, ohun tí ọ̀pọ̀ pàdánù kì í ṣe ìtọ́jú Kòrónà. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kò rí oògùn gbà. Kí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé fún wọn ní ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà bí àrùn bá ti ń súnmọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, ti ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 àti ti oṣù 9 àti 15, bí ìyá bá pàdánù ọjọ́, kí ó mú ọmọ lọ nígbà tó bá lè lọ. Ibi tí wọ́n dé ni wọn yóò ti tẹ̀síwájú, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò mọ èyí, ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n padà. Kí nọ́ńbà ọlọ́kadà mẹ́ta tó ní káàdì alẹ́ wà lára ògiri ilé baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá ń rọbí.

Nípa ìsìn àti ayẹyẹ, àwọn èèyàn wa fúnra wọn ti wá ọgbọ́n sí i ju ìjọba lọ. Àwọn Mùsùlùmí kí ìrun ọ̀sán onírákà mẹ́rin sílé dípò Jímọ̀. Àwọn ìjọ gbé ìsìn sórí rédíò àti fóònù; rédíò ló dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà, nítorí kò sí dátà tí wọ́n máa rà. Níbi ìsọmọlórúkọ ọjọ́ kẹjọ, òbí àgbà tó wà ní Jọ́ọ̀sì tàbí Àbíjàn sọ orúkọ tirẹ̀ lórí fóònù, ó sì fi owó orúkọ ránṣẹ́ sí àkáǹtì ìyá ọmọ. Ìsìnkú ló kù tí ọgbọ́n kò tó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wà káàkiri, wọ́n sì fẹ́ kí òkú wọn wá sílé. Kí ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ òkú àti èèyàn mẹ́rin wà nílẹ̀, tí wọn yóò fún ẹbí láàárín ọjọ́ kan. Ẹbí tí a bá fi sílẹ̀ láìdáhùn yóò gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé lóru.

Ohun tí àwọn àgbà pàdánù jù ni ojú èèyàn. Ọ̀pọ́n ayò lábẹ́ igi, ìpàdé ẹgbẹ́, ọmọdé tó dọ̀bálẹ̀ kí wọn láàárọ̀. Nínú agboolé kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ kan ní àgbàlagbà kan tí yóò máa dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ó kí i, kí ó béèrè bóyá ó ti jẹun, bóyá ó ti lo oògùn. Kò ní ná ẹnikẹ́ni ní owó kankan.

Ti ilé ẹ̀kọ́: ẹ̀kọ́ orí rédíò dára, ṣùgbọ́n bátìrì ń tán, ọmọ mẹ́rin sì ń pín fóònù kan. Kí wọ́n sọ ojú ìwé tí wọ́n máa kà ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n tún ẹ̀kọ́ àárọ̀ sọ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, kí ìbéèrè ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà lórí pátákó nílé baálẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ pálíétífù. Àpò ìrẹsì kílò 50 kan fún agboolé ẹlẹ́ni 120, ẹnì kọ̀ọ̀kan kò rí ìdajì kílò. Agboolé la fi ń pín, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ka iye tó wà nínú rẹ̀. Baálé kọ̀ọ̀kan mọ èèyàn rẹ̀, ó mọ opó, ó mọ aláboyún, ó mọ àjèjì tó háyà yàrá lẹ́yìn ilé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìwé orúkọ nísinsìnyí, kí wọ́n tún un kọ lọ́dọọdún, kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ Ìyálọ́jà àti ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ olùkọ́ àgbà ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò, kí ó má wà lọ́wọ́ olóṣèlú nìkan. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ ra oúnjẹ, ẹ ra èlùbọ́, ẹ̀wà àti gàrí lọ́wọ́ àgbẹ̀ Oríire, Surulérè àti Ògo-Olúwa tí ọjà wọn há sóko, kí ìrẹsì òkèèrè tó kan.

Kí ìwé ètò tí ẹ bá kọ má ju ojú ewé mẹ́fà lọ, ní èdè Yorùbá. Ẹ pe àwọn ọlọ́jà, alájọ, nọ́ọ̀sì, lèmọ́mù àti pásítọ̀ láti kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n lè sọ ibi tí kò ti ní ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ọ́fíìsì yín ní Kínníra, Arówómọlé, Ìkòyí-Ilé, Ìrẹsàadù àti Ajáàwá, kí wọ́n sì kà á lórí rédíò. Ẹ̀yin alága wa, bí ẹ bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ láti kọ ọ́, a ti ṣetán láti wá, ní àárọ̀ ọjọ́ èyíkéyìí tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà.

Àwa ni,
àwọn ọlọ́jà, alájọ, àgbẹ̀, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìlera kan,
Ògbómọ̀ṣọ́.